CITV: Yàrá Tí Wọ́n Yà Sọ́tọ̀ fún Ọmọdé

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni iléeṣẹ́ ITV ti ìkànnì CITV pa ní Ìlú Ọba. Ìkànnì náà ti dá dúró fúnra rẹ̀ fún ọdún 17 àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n ètò tó sọ ọ́ lórúkọ ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n láti ọdún 1983, ogójì ọdún gbáko. Àlàyé tí ITV ṣe kò gùn: àwọn ọmọdé kì í jókòó ti tẹlifíṣọ̀n bíi ti àtijọ́ mọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà, ibẹ̀ ni àwọn náà sì ń kó ètò wọn lọ. Láti oṣù Keje ọdún náà ni wọ́n ti ṣí àyè ọmọdé sórí ITVX, ibùdó wọn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwọ̀nba ètò tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n sún sí ìdájí lórí ITV2.

Mi ò ní sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ọmọdé ti kúrò níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó bá tọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé kí YouTube tó gba àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́ ITV, ITV ti ń jọ̀wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣí ìkànnì ọ̀tọ̀ fún wọn lọ́dún 2006, tó dà bíi pé wọ́n dá wọn lọ́lá, ìgbà náà gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Nínú ilé tí gbogbo ẹbí ti ń jókòó sí pálọ̀ kan náà, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó lé ọmọdé kúrò níjòókòó rẹ̀. Ẹ fún un ní yàrá tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé, inú rẹ̀ á dùn, àwọn àgbà á sì sinmi ariwo. Lọ́jọ́ tí owó bá há, yàrá yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé fún ayálégbé.

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 1955 ni ITV bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe iléeṣẹ́ kan ṣoṣo nígbà náà. Àwọn iléeṣẹ́ agbègbè ló para pọ̀ di ITV: Granada ní Manchester, Scottish ní Glasgow, Anglia ní Norwich, Tyne Tees ní Newcastle, àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Associated-Rediffusion ló ni Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọ̀sẹ̀. Orúkọ yìí kò ní ṣàjèjì sí àwọn tó dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Èkó láyé ọjọ́un, nítorí Rediffusion ló ni àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ògiri. Overseas Rediffusion, tó jẹ́ ìbátan iléeṣẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù yìí, ló dara pọ̀ mọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà láti dá WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959. Ìdílé kan náà ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ nílẹ̀ Yorùbá àti ti ìpolówó àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ti jáde wá.

Nígbà tí ITV bẹ̀rẹ̀, ìlànà kan wà láti ọ̀dọ̀ ìjọba pé láti aago mẹ́fà sí méje ìrọ̀lẹ́, kí tẹlifíṣọ̀n dákẹ́, kí àwọn òbí lè ráyè gbé ọmọ wọn sùn. BBC kò ráhùn, nítorí owó àṣẹ tí onílé ń san ló fi ń ṣiṣẹ́. Ìpolówó ni ITV ní tirẹ̀ fi ń jẹun, wákàtí kan tí kò sí ìpolówó lójoojúmọ́ sì jẹ́ àdánù ńlá fún un. Wọ́n takú, wọ́n rojọ́, títí ìlànà náà fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì 1957. Ìtàn kékeré ni, ṣùgbọ́n mo kà á sí pàtàkì, torí gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e fún ọgọ́ta ọdún ti hàn nínú rẹ̀: àǹfààní ọmọdé ń bẹ lápá kan, owó ìpolówó ń bẹ lápá kejì, ìjọba dúró sáàárín.

Ní òpin ọdún 1980 ni ITV kó ètò ọmọdé ọ̀sán pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kìíní 1983, wọ́n sọ ọ́ di Children's ITV, àwọn ọmọ sì gé e kúrú sí CITV. Ètò ọ̀sán ni, ní kété tí iléèwé bá ti jáde, lórí ìkànnì kan náà tí bàbá àti ìyá ń wò lálẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ agbègbè ló ń ṣe ètò wọ̀nyí, kálukú níbùdó tirẹ̀, wọ́n sì ń bá ara wọn díje. Ìwé àṣẹ wọn kì í ṣe ti títí ayé. Àjọ tó ń mójú tó wọn ló ń fún wọn, ó sì lágbára láti gbà á. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọdé wà lára ohun tí àjọ náà máa ń wò. Nítorí náà, kò sí iléeṣẹ́ tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun kò ṣe nǹkan kan fún ọmọ agbègbè òun.

Èso ìdíje yẹn pọ̀. Anglia ní Norwich ṣe Knightmare láti 1987 sí 1994. Ọmọ mẹ́rin ló ń kópa lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á dé akoto ńlá kan lé ọ̀kan nínú wọn lórí, akoto náà á sì bò ó lójú débi pé ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni yóò máa rí. Àwọn mẹ́ta yòókù á jókòó síbi tí wọ́n ti ń wò ó, wọ́n á máa darí rẹ̀: máa bọ̀ níwájú, dúró, yà sósì, ìgbésẹ̀ kan péré. Yàrá ṣíṣófo aláwọ̀ búlúù ni ọmọ náà ń rìn kiri ní situdíò. Kọ̀ǹpútà ló ń pa á pọ̀ mọ́ àwòrán ihò àpáta, afárá tó ti já àti àwọn abàmì ẹ̀dá tí àwa òǹwòran ń rí. Bí wọ́n bá darí rẹ̀ gba ibi tí kò yẹ, ó ti já sí kòtò nìyẹn, eré parí, kò sí àtúnṣe. Ìwọ̀nba ẹgbẹ́ díẹ̀ ló borí láàárín gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ wo irú ìbọ̀wọ̀ tí ètò bẹ́ẹ̀ fi fún ọmọdé: wọ́n gbà pé ó lè ronú, pé ó lè pàdánù, pé kò ní sunkún kú.

Ní gúúsù, TVS bẹ̀rẹ̀ Art Attack lọ́dún 1990, Neil Buchanan sì ni atọ́kùn rẹ̀. Tíṣù, páálí àti gọ́ọ̀mù funfun ló fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà, àwọn nǹkan tí ọmọ lè rí kó jọ nílé láìtọrọ kọ́bọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń dúró dè ni ìgbà tó bá bọ́ sí gbàgede, tó ń da aṣọ àti àwọn nǹkan ìlò sílẹ̀ kiri. Ẹni tó dúró nílẹ̀ kò lè mọ ohun tó ń ṣe. Àfìgbà tí kámẹ́rà bá gòkè, tó wo ilẹ̀ láti òkè, ni àwòrán ńlá náà á ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn. Ní ìparí 1992, TVS pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀, iléeṣẹ́ mìíràn sì gba agbègbè náà, síbẹ̀ Art Attack wà títí di 2007. Bí ẹ̀ka kan bá ṣẹ́ láyé ìgbà náà, igi kì í wó.

Glasgow ni Fun House ti wá, Manchester ni Danger Mouse ti wá, lọ́wọ́ Cosgrove Hall, iléeṣẹ́ kàtúùnù tí iléeṣẹ́ agbègbè Thames dá sílẹ̀ lọ́dún 1976. Àwọn òǹkọ̀wé náà kọ́ṣẹ́ lórí ètò ọmọdé ITV. Steven Moffat kò tíì kọ eré tẹlifíṣọ̀n kankan rí kí Central ní Birmingham tó gba Press Gang lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 1989, eré nípa àwọn ọmọ iléèwé tó ń ṣe ìwé ìròyìn. Russell T Davies ṣiṣẹ́ lórí Children's Ward ní Granada, eré ilé ìwòsàn tí kò fi ìrora pamọ́ fún ọmọdé. Àwọn méjèèjì ló padà wá darí Doctor Who, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ẹni tó bá ń ka owó ètò ọmọdé sí ìnáwó lásán kò ka irú èyí mọ́ ọn.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Peckham, Hackney tàbí Tottenham láàárín àsìkò náà mọ gbogbo ètò yìí bí ẹni mowó. Bàbá àti ìyá wà níbi iṣẹ́, òmíràn ń ṣe méjì pọ̀, ẹ̀gbọ́n á ṣílẹ̀kùn fún àbúrò, wọ́n á tan tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó dùn mí nínú rẹ̀ ni pé wọ́n mọ CITV, CITV kò fi bẹ́ẹ̀ mọ wọn. Ojú tó jọ tiwọn ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ohùn Yorùbá kò sí rárá. Lórí BBC, Floella Benjamin tó wá láti Trinidad ti ń bá àwọn ọmọ kéékèèké ṣeré lórí Play School láti àárín àwọn ọdún 1970. Nígbà tó di 2006 ni Ayọ̀ Akínwọlérè, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, di atọ́kùn Blue Peter lórí BBC. Ọdún yẹn kan náà ni ITV gbé ọmọdé kúrò ní pálọ̀.

Òfin ló kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà. Òfin ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti 1990 ka ètò ọmọdé mọ́ ohun tí ITV kò gbọdọ̀ pa tì. Nígbà tí wọ́n wá ṣe òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti 2003, tí Ofcom di alámòójútó, ètò ọmọdé bọ́ sí ìsọ̀rí tí iléeṣẹ́ lè pinnu fúnra rẹ̀ iye tí yóò ṣe. Ofcom lè béèrè, kò lè fi dandan mú un. Ní 2004, Granada àti Carlton dàpọ̀ di ITV plc, ọ̀pọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ agbègbè ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti wà nínú agbada kan. Ìdíje láàárín Norwich, Manchester àti Birmingham tán. Ọ̀gá kan, àpò owó kan, àwọn onípín ìdókòwò tó ń retí èrè.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2006 ni ìkànnì CITV ṣí. Lórí Freeview, tí onílé ń fi eriá lásán gbà láìsan owó oṣoṣù, aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni àyè rẹ̀; tó bá di mẹ́fà, ITV4 á gbà á fún fíìmù àti eré ìdárayá àwọn àgbà. Ayálégbé ti wà nínú yàrá náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí ọdún náà tó parí, ITV ti ti ẹ̀ka tó ń ṣe ètò ọmọdé fúnra rẹ̀ pa. Nígbà tí 2007 fi máa bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ètò ọmọdé ti kúrò lọ́sàn-án láàárín ọ̀sẹ̀ lórí ITV1. Ẹni tó bá béèrè, ìdáhùn ti wà nílẹ̀: wọ́n ti ní ìkànnì tiwọn.

Oṣù Kọkànlá 2006 yẹn náà ni Ofcom kéde pé kò ní sáyè mọ́ fún ìpolówó oúnjẹ tí ọ̀rá, iyọ̀ tàbí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ níbi tí ọmọdé ti ń wòran. Láti 2007 ni wọ́n ti ń mú un ṣẹ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi kan gbogbo ìkànnì ọmọdé pátápátá ní 2009. Mo fọwọ́ sí òfin yẹn tọkàntọkàn. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè bá àwọn tó ń ta bisikíìtì jiyàn. Àmọ́ owó àwọn tó ń ta bisikíìtì yìí ló ń gbọ́ bùkátà ìkànnì náà, ìjọba sì gba owó yẹn kúrò láìfi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n dáàbò bo ikùn ọmọdé, wọ́n gbàgbé ohun tí ọmọ yóò máa wò. Cosgrove Hall, tó ti di ti ITV, kógbá sílé ní 2009.

Ohun tó wà lórí CITV lẹ́yìn náà kò ju àtúngbé, kàtúùnù tí wọ́n rà láti òkè òkun, àti ìwọ̀nba ètò ilé bíi Horrid Henry. Mi ò fojú tín-ín-rín Horrid Henry. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Síbẹ̀, ètò kan kì í gbé ìkànnì ró. Ní oṣù Kìíní 2013, fún àjọ̀dún ọgbọ̀n ọdún, wọ́n fi òpin ọ̀sẹ̀ kan gbé àwọn ètò àtijọ́ padà, òǹwòran sì ya wá ju bí CITV ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ti di àgbàlagbà. Ó yẹ kí ẹnìkan ní iléeṣẹ́ náà ti bi ara rẹ̀ pé kí ni ọmọ 2013 yóò ní láti rántí ní 2043.

Lọ́dún 2018, Ofcom gbé àyẹ̀wò rẹ̀ jáde: owó tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ìlú ń ná sórí ètò ọmọdé tuntun tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ti já láti pọ́ùn mílíọ̀nù 116 ní 2006 sí mílíọ̀nù 70 ní 2017. Floella Benjamin, tó ti di ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, wà lára àwọn tí kò yé pariwo ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Ariwo wọn so èso: wọ́n dá owó ìrànwọ́ kan sílẹ̀ ní 2019 fún ètò ọmọdé àti ọ̀dọ́, tí àjọ fíìmù BFI ń bójú tó, wọ́n sì ya pọ́ùn mílíọ̀nù 57 sọ́tọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Fún àsìkò díẹ̀, àwọn aṣètò tún ń rí iṣẹ́ gbé lọ bá ITV àti Channel 5. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2022, ìjọba jẹ́ kó parí. Oṣù Kẹta 2023 ni ITV kéde pé CITV ń palẹ̀ mọ́.

Àwọn kan á sọ pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ìbá ṣe, pé ayé ló yí. Wọn ò ní í jẹ̀bi pátápátá. Disney náà ti àwọn ìkànnì rẹ̀ pa ní Ìlú Ọba ní òpin oṣù Kẹsàn-án 2020, ó sì ṣe bákan náà ní Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà lọ́dún kejì. BBC pàápàá sọ ní oṣù Karùn-ún 2022 pé tó bá ṣe díẹ̀, CBBC kò ní jẹ́ ìkànnì tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀. Láti 2002 ni CBBC àti CBeebies, àwọn ìkànnì ọmọdé BBC, ti wà, YouTube kan náà ló bá wọn, síbẹ̀ wọ́n ń ṣe ètò tuntun, wọ́n sì wà nílẹ̀ lẹ́yìn tí CITV ti lọ. Owó àṣẹ ló ń gbé wọn ró, àdéhùn wọn sì di ẹrù ọmọdé lé wọn lórí. Bí ayé ṣe yí fún ọ̀kan ló yí fún èkejì. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tí wọ́n ń jíhìn fún.

Ọ̀rọ̀ pé ọmọ yóò bá ètò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì rí bákan náà ní gbogbo ilé. Freeview kò béèrè ju eriá lọ. ITVX ń fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó já fáfá, ẹ̀rọ tó dára, àti òbí tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò rẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti burú jù. Ní òpin oṣù Kẹsàn-án 2020, Disney XD kúrò lórí DStv fún àwọn òǹwòran wa níbí, nígbà tí Disney+ tí wọ́n ní ó ń rọ́pò irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ Nàìjíríà rárá. Wọ́n ti ilẹ̀kùn kan, wọn ò ṣí òmíràn. Ká tiẹ̀ ní ó dé, ta ni ó ń ra dátà fún ọmọ láti máa wo kàtúùnù láràárọ̀?

Àwa Yorùbá kò ní ìkànnì ọmọdé kankan tí wọ́n lè tì pa. Orí YouTube ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Gbémisọ́lá Ìsímì, tó dá CultureTree sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti máa kọ́ ọmọdé ní èdè Yorùbá, fi orin ọmọdé alákàtúùnù síbẹ̀ fún àwọn ìdílé tó wà lókè òkun. Adamu Waziri ní Àbújá ṣe Bino and Fino, nípa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà àti bàbá àgbà, wọ́n sì gbé e sí èdè Yorùbá pẹ̀lú. Iṣẹ́ tó wú mi lórí ni méjèèjì. Ó wá kù síbì kan: ìṣòro ọdún 2006 ti bá wọn níbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, àjọ FTC ní Amẹ́ríkà mú kí Google àti YouTube san dọ́là mílíọ̀nù 170 nítorí ìsọfúnni ọmọdé tí wọ́n ń gbà láìgbàṣẹ òbí. Láti oṣù Kìíní 2020, YouTube kò fi ìpolówó tó ń tọ ipasẹ̀ òǹwòran sórí fídíò ọmọdé mọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìpolówó tó ṣẹ́ kù kì í sì í mú owó púpọ̀ wọlé, àwọn aṣètò kékeré tó ń ṣe nǹkan fún ọmọdé ló sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n dáàbò bo ọmọ, kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ni yóò máa sanwó ètò rẹ̀.

Ní oṣù Keje 2025, Ofcom dábàá pé kí ètò àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ìlú máa hàn gbangba lórí YouTube, ti ọmọdé pàápàá, kó má di pé èèyàn ń wá a kiri. Àbá gidi ni, mo sì fẹ́ kó ṣẹ. Àmọ́ ètò gbọ́dọ̀ wà kó tó lè hàn. Ìwé àdéhùn tí BBC fi ń ṣiṣẹ́ yóò parí ní òpin ọdún 2027, ibi tí wọ́n bá ti ń kọ tuntun ni ọ̀rọ̀ CBBC àti CBeebies yóò ti yanjú. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù, Manchester àti Birmingham ló ń san owó àṣẹ tẹlifíṣọ̀n yìí lọ́dọọdún. Tí wọ́n bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí BBC máa ṣe, kí wọ́n kọ̀wé, kí wọ́n dárúkọ àwọn ọmọ wọn, kí wọ́n sì béèrè fún ohùn Yorùbá níbẹ̀ pẹ̀lú.